Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, tó fẹ́ kó kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) lọ sí ìlú kékeré

Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. O ní ariwo Àjàṣẹ́ ti sú yín, pé ìlú kékeré tí kò tíì bàjẹ́ lẹ ń wá, ìbáà jẹ́ lápá Kétu tàbí lápá Sábẹ (Savè), ní Benin níbẹ̀ náà. Kò burú. Ṣùgbọ́n má lọ wo ìlú kankan lóṣù Òkúdu. Gbogbo ilẹ̀ ló máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà yẹn, gbogbo kànga ló máa ń lómi. Ìlú tí kò ṣeé gbé pàápàá á wù ọ́. Oṣù Èrèlé ni kó o lọ, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo nǹkan tán tí òjò kò sì tíì dé. Sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní ìdájí, lọ sídìí pọ́ǹpù, ka bìdọ́ọ̀nù (kẹ́ẹ̀gì omi) tó wà lórí ìlà, kó o sì bi àwọn obìnrin ibẹ̀ pé aago mélòó ni wọ́n ti dé. Ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ ju ohun tí baálẹ̀ máa sọ lọ.

Omi Kétu àti omi Sábẹ kò jọra rárá. Orí ilẹ̀ gíga tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì jìn gan-an, èèyàn kì í kàn fọwọ́ gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ omi ìjọba kò bá dé àdúgbò tẹ́ ẹ fẹ́, omi òjò ni kẹ́ ẹ gbára lé. Ká ní òrùlé páànù yín gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 6: òjò mìlímítà 1 lórí rẹ̀ jẹ́ lítà 60. Òjò gidi kan, mìlímítà 20, jẹ́ lítà 1,200. Yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, ó ku 960. Ẹ̀yin márùn-ún, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 25 lójúmọ́, lítà 125 ni. Fún 120 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ó di lítà 15,000. Kòtò oníṣìmẹ́ńtì tó máa gbà á gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní 2.5, ó jìn ní 2. Àwọn tó máa ń gbẹ́ kòtò kékeré torí owó, oṣù Ẹrẹ́nà ni ojú wọn máa ń là, nígbà tí wọ́n bá ń ra omi ọkọ̀.

Kòtò yìí ní àrùn tirẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ alángbá wálẹ̀, torí náà ẹ yí ẹnu páìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó kọ́kọ́ dà nù. Bí ìdérí kò bá pa dé, ẹ̀fọn lẹ ń sìn. Ẹ má gbin igi sítòsí rẹ̀, gbòǹgbò á wọ ògiri. Ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá. Sìmẹ́ńtì tó gbẹ sínú oòrùn máa ń sán.

Ní Sábẹ, àpáta ni. Ẹ̀yin náà ti rí àwọn òkè yẹn láti ojú títì. Inú pàlàpálá àpáta lomi wà, kò tẹ́ lọ káàkiri: ẹnì kan lè gbẹ́ ilẹ̀ kó bómi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ ti ẹ̀ kó bá òkúta gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tó máa ru àdánù bí kò bá sómi, torí agbẹ́lẹ̀ máa ń gbowó mítà tó gbẹ́, omi ì báà wà kó máà sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Omi tí wọ́n rí ní ìparí òjò lè lọ kẹ́ ẹ tó jẹ ọdún tuntun.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá kù. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti 2013, tí wọ́n tún un ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó fìdí ìní múlẹ̀. Ìwé tí ṣẹ́ẹ̀fù abúlé bá tẹ̀ fún ọ kò tó. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Benin kò lè ra ilẹ̀ oko, nítorí náà orúkọ tìrẹ ni kó wà lórí ìwé, kì í ṣe ti ọkọ rẹ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. Ẹ jọ sọ ọ́ nílé kó má di ìjà lọ́la. Bí ilẹ̀ oko bá ju hẹ́kítà 2 lọ, ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ kọ́múnù (ìjọba ìbílẹ̀) wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ilẹ̀ ìjọba, ANDF, ni kẹ́ ẹ ti lọ wádìí.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́. Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀; ọmọ kan ṣoṣo tó ń jẹ gbèsè lè tà á lẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹ ní kí olórí ẹbí pe àpérò, kí obìnrin ẹbí náà wà ńbẹ̀. Ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ pààlà ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ wo ibi tí pérégún wà. Lápá Sábẹ, ẹ bi ẹni tó gbin kajú tó wà lórí ilẹ̀. Igi gbígbìn jẹ́ ẹ̀rí ìní lójú àwọn àgbà, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbà fún ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ pé kó gbin igi. Bí onígi bá yàtọ̀ sí onílẹ̀, ìjà méjì lẹ ń rà. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó bóyá kò wọ inú igbó ìjọba, bí igbó Dogo-Kétou lápá Kétu. Owó tó bá wọbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ dúdú Ìsàbá, láàárín Pọ́bẹ̀ àti Kétu. Ó máa ń wú lójò, ó máa ń là lẹ́ẹ̀rùn, ògiri á sì là pẹ̀lú rẹ̀. Àgbàdo fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé lọ.

Bí ẹ bá rí òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tó tò lọ nínú oko tí kò sílé kankan, àwọn alárinà tó ń ta ilẹ̀ ti dé ṣáájú yín. Ìlú náà ti ń bàjẹ́ lọ, àmì rẹ̀ kò tíì hàn sí àlejò ni. Ìlú tí kò bàjẹ́ lóòótọ́ sábà jẹ́ èyí tí ọ̀nà ọ̀dà kò dé, ọ̀nà yẹn kan náà ni aboyún yóò sì gbà lóru. Láti àríwá Kétu, bí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ìwòsàn Pọ́bẹ̀ ni. Ti Sábẹ wà nínú ìlú Sábẹ fúnra rẹ̀. Ẹ gun alùpùpù rìn ọ̀nà náà lóṣù Ọ̀wẹwẹ̀, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, kẹ́ ẹ wo wákàtí tó gbà. Tó bá ju wákàtí kan lọ, èmi kò ní kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀.

Ohun kékeré kan: ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu. Ẹni tí ìlù òru ń dí lójú oorun, kó má háyà yàrá sítòsí ojúde. Ní Sábẹ, iná igbó ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ láti Ọ̀pẹ sí Èrèlé. Ẹ ro mítà 10 yí ilé ká, kó mọ́ tónítóní.

Ẹ háyà ilé fún oṣù 12 ná, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Bẹ́ ẹ bá ń lọ kí baálẹ̀, obì àti sódàbì (ògógóró) ni kẹ́ ẹ mú dání, kí ọkọ rẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Sọ fún un kó má tíì dárúkọ owó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ