Kí ìbọn tó dún ni kí ẹ ti máa wo òṣèré

Sí Olóòtú,

Láti ọjọ́ tí fíìmù jàǹdùkú tuntun tí òṣèré ààyò wa ṣe ti jáde, ojú ewé lẹ́tà yín kò fara rọ. Àwọn kan ní kò ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn mìíràn ní ó ti dàgbà kọjá irú eré bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Iyàn dùn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo tako ni pé ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ọkùnrin yìí ń yìn ín fún iṣẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ń bú u fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Wọ́n ka òkú, wọ́n ka ìró ìbọn, wọ́n ní ó dáa tàbí kò dáa, ó parí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ pé: ibi báyìí ni, ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n sọ sí i, ohun tó fi ojú rẹ̀ ṣe rèé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìbọn bẹ̀rẹ̀, torí ariwo ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn kan ń bínú pé ó yìnbọn títí láìki ọta. Òótọ́ ni pé ìbọn ìléwọ́ ti òde òní sábà máa ń gba ọta 15 tàbí 17, èyí tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí sì sábà máa ń gba 6. Ṣùgbọ́n òṣèré kọ́ ló ń pinnu iye ìró tó máa wọ inú fíìmù. Ó lè yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin péré níwájú kámẹ́rà. Ẹni tó ń gé fíìmù yóò mú ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn láti ọ̀nà mẹ́ta, yóò tò wọ́n tẹ̀ léra, ẹni tó ń ṣe ìró yóò tún fi tirẹ̀ kún un. Bí ẹ bá ka 23, àwọn méjèèjì yẹn ni kí ẹ mú.

Ohun tó jẹ́ ti òṣèré níbẹ̀ ni ìka, ojú àti ọrùn ọwọ́. Ẹni tí ìbọn ti mọ́ lára kì í fi ìka sórí tírígà títí di ìgbà tó bá fẹ́ yìn ín. Ẹ̀gbẹ́ ìbọn ni ìka máa ń wà. Kì í dijú kí ìbọn tó dún. Bó bá ń ki ọta, ọ̀nà tí ọ̀tá yóò gbà yọ ló ń wò, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí kò ṣeé fi kọ̀ǹpútà tún ṣe nírọ̀rùn, ìdánrawò ló ń mú wọn wá.

Ọrùn ọwọ́ gan-an ló yẹ ká fara balẹ̀ wò láyé ìsinsìnyí. Tẹ́lẹ̀, ọta tó ní ẹ̀tù nínú ṣùgbọ́n tí kò ní orí ni wọ́n sábà máa ń lò, ìbọn náà a sì ta ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ewu wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1993, nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù The Crow, orí ọta kan ti há sínú ọ̀pá ìbọn láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n wá yin ọta aláìlórí, agbára ẹ̀tù ti orí ọta tó há náà jáde, ó sì pa òṣèré Brandon Lee. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ọta gidi jáde nínú ìbọn níbi tí wọ́n ti ń múra láti ya fíìmù Rust ní New Mexico, ó pa Halyna Hutchins tó jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán. Látìgbà náà, kì í ṣe olùṣe fíìmù kan tàbí méjì ló ti pa ọta ẹlẹ́tù tì, tí wọ́n ń lo ìbọn tí kò lè yin ohunkóhun, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà fi iná sẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Èyí mú iṣẹ́ òṣèré le sí i. Ìbọn òfìfo kì í ta ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe bí ẹni pé ó ta á: ọrùn ọwọ́ yóò gbéra díẹ̀, èjìká yóò gbà á, ọwọ́ yóò padà sípò kó tó yin òmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tí wọ́n lò, ẹ wo irin orí ìbọn ìléwọ́ náà. Bí kò bá sún sẹ́yìn, tí ìkarahun ọta kò fò jáde, tí iná kò sì tàn sára ògiri tàbí sí ojú ẹni tó ń yìn ín, kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Nígbà náà, bí ọwọ́ bá ṣì ń gbà á bó ṣe yẹ, ẹ kan sáárá sí ọkùnrin náà.

Ìró ìbọn ńkọ́? Kò kàn án rárá. Nínú fíìmù Heat tọdún 1995, ìró tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú títì Los Angeles gan-an ni wọ́n lò fún ogun ojú títì yẹn, ìdí rèé tó fi ń lu ara àwọn ilé gíga, tó ń padà bọ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù ń lo ìró tí wọ́n ti kó pamọ́ sí situdíò. Bákan náà ni irin tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kó má baà pariwo. Ìbọn ìléwọ́ ń dún tó dẹ́síbẹ̀lì 160 (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo). Irin yẹn ń yọ nǹkan bí 20 sí 35 kúrò. Èyí tó kù ṣì lè jí gbogbo àdúgbò. Ìró “fíù” kékeré tí à ń gbọ́, àṣà sinimá lásán ni.

Ẹnì kan kọ̀wé pé nígbà tí wọ́n yin ọ̀gá jàǹdùkú tí òṣèré wa ṣe, kò fò sẹ́yìn tó. Ó ṣeun tí kò fò! Ọta 9mm wúwo tó gíráàmù 8, ó ń sáré tó mítà 360 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí gbogbo agbára ìsáré yẹn bá wọ ara ọkùnrin oníkílò 80, kò lè tì í tó sẹ̀ǹtímítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọta bá lè gbé ẹni tó bà fò, yóò kọ́kọ́ gbé ẹni tó yìn ín. Àwọn tó ń fò la gíláàsì kọjá nínú fíìmù, okùn ni wọ́n so mọ́ wọn lẹ́yìn.

Ibi tí ìyìn tọ́ sí i gan-an, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án. Ẹ̀jẹ̀ tó bú jáde láyà rẹ̀, àpò kékeré ni wọ́n fi sábẹ́ aṣọ, pẹ̀lú ohun abúgbàù tín-tìn-tín lẹ́yìn rẹ̀ àti awo líle tí kò ní jẹ́ kó jó ara. Wọ́n á ti fi abẹ ha aṣọ láti inú kó lè ya níbi tí wọ́n fẹ́. Tó bá ti bú lẹ́ẹ̀kan, aṣọ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá rán kóòtù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lè gbìyànjú. Nítorí náà, ó ní láti rìn, kó sọ̀rọ̀, kó dúró gẹ́lẹ́ lórí àmì tí wọ́n fà sílẹ̀, kí ara rẹ̀ sì gba ọta ní ìṣẹ́jú náà gan-an tí ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnì. Bí ara bá gbọ̀n kí ẹ̀jẹ̀ tó jáde, ó ti bàjẹ́. Pípupa ẹ̀jẹ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe mékọ̀ọ̀pù: ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára aṣọ yẹ kó dúdú díẹ̀, omi ṣúgà aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń lò kì í sì í dúdú fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wá ńkọ́, tí àwọn alátakò ń fi ṣe orin? Kọ̀ǹpútà lè fi ọ̀dọ́ sí ojú àgbàlagbà. Nínú The Irishman, lọ́dún 2019, wọ́n so kámẹ́rà mẹ́ta pọ̀; èyí tó wà láàárín ń ya eré, méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gba bí ojú ṣe ń rìn sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi sọ ojú Robert De Niro, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, di ojú ọ̀dọ́. Síbẹ̀, níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ gbá onísọ́ọ̀bù kan mọ́lẹ̀, àgbàlagbà ló ń gbé ẹsẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì rí i. Orúnkún kì í purọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òṣèré wa ṣì lè ṣe ọmọ ogójì ọdún, ẹ fi ojú sílẹ̀, ẹ wo bó ṣe dìde lórí àga, bó ṣe jáde nínú ọkọ̀, bó ṣe gun àtẹ̀gùn. Bí kámẹ́rà bá ń sá sẹ́yìn rẹ̀ tàbí tó jìnnà réré nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, adípò tó ń bá a jà ní ipò rẹ̀ ni ẹ̀ ń wò, kí ẹ má sì kí òṣèré kú iṣẹ́ ìjà tí kò jà.

Nǹkan mìíràn tún wà nípa ara. Fíìmù kì í tẹ̀ léra nígbà tí wọ́n bá ń yà á. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan ni wọ́n máa ń yà pa pọ̀, ìbáà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn tàbí ìparí. Ọkùnrin tó ń tiro lẹ́yìn tí ọta bà á lẹ́sẹ̀ lè ti ya ibi tó ti ń tiro kí wọ́n tó ya ibi tí wọ́n ti yìn ín. Nítorí náà, ẹ wò ó: ṣé ẹsẹ̀ kan náà ló ń tiro dé òpin? Ṣé ìtiro náà ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù nínú ìtàn? Ṣé ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ nígbà tó wà ní ọmọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ìgbà tó di ọ̀gá? Ẹni tó bá lè di gbogbo èyí mú sórí nígbà tí wọ́n ń ya eré láìtẹ̀ léra, òṣèré ni.

Ní tèmi, ibi tí kò sí ìbọn rárá ni fíìmù jàǹdùkú wà. Ẹ padà sí ibi tí àwọn ọ̀gá ti jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń jẹun, tí ọ̀kan nínú wọn sì ti dalẹ̀. Ẹ pa ohùn fíìmù náà, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ta ni ojú yín ń tẹ̀ lé? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni ojú yín ń tẹ̀ lé nígbà gbogbo, òṣèré wa ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá gidi ń gbọ́ràn, ara rẹ̀ kì í rìn, ohùn rẹ̀ a máa wálẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i, àwọn ìyókù yóò sì sún mọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́. Ẹ tún wo ife ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n lè ya ọ̀rọ̀ kan náà láti ọ̀nà oríṣiríṣi, ó sì gbọ́dọ̀ gbé ife yẹn sókè lórí ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ife yóò wà lọ́wọ́ níhìn-ín, yóò wà lórí tábìlì lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń jẹ ìwọ̀nba, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan àwo lásán.

Ẹ wá lọ síbi fóònù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí òṣèré kankan lódìkejì. Ẹnì kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ka ọ̀rọ̀ náà fún un, tàbí kó má tilẹ̀ sí ohùn rárá. Òṣèré tí kò mọṣẹ́ yóò dáhùn kí ẹni yẹn tó lè sọ̀rọ̀ tán. Tèmi ni pé ọkùnrin wa ṣe ibẹ̀ dáadáa ju gbogbo ìjà tó wà nínú fíìmù náà lọ.

Ní ti àwọn tó ní wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ̀rọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìró ọ̀nà 5.1, tí wọ́n pín sí ẹ̀rọ agbóhùn mẹ́fà, ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sí ẹ̀rọ agbóhùn àárín. Tẹlifíṣọ̀n tó ní méjì péré kò ní àárín yẹn, ọ̀rọ̀ a wá rì sábẹ́ orin. Ẹ wọ ibi ètò ohùn, ẹ yan stereo (ìró ọ̀nà méjì) dípò 5.1, kí ẹ sì tan èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sókè tàbí tó ń dín ìyàtọ̀ ariwo àti ìdákẹ́jẹ́ kù. Bí ó bá ṣì ń kùn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè wá bú u.

Ẹ̀sùn pé ikú tí òṣèré wa kú níparí fíìmù jẹ́ àwòkọ kò tọ́ láti fi kan ẹnì kan. Láti 1934 títí di 1968, òfin tí àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood gbé ka ara wọn lórí kò gbà kí ọ̀daràn jèrè ìwà rẹ̀. Òfin náà ti lọ, àṣà rẹ̀ kù. Ẹni tó kọ ìwé eré ló yan ọ̀nà yẹn, òun ni kí a bi í. Àwọn tó sì ń wá ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú ìpolówó fíìmù tí wọn ò rí nínú fíìmù gan-an, ẹ fọkàn balẹ̀: àwọn tó ń gé ìpolówó sábà máa ń ṣe é kí fíìmù tó parí.

Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ẹ ní kí àwọn tó bá kọ̀wé lórí fíìmù yìí dárúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn dá lé, kí wọ́n sì sọ bóyá ní sinimá ni wọ́n ti wò ó tàbí lórí fóònù, torí ìró àti òkùnkùn àwòrán yàtọ̀ síra pátápátá. Èkejì, fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, ẹ bá wa yọ òpin ìtàn kúrò nínú àkọlé lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ara lẹ́tà, níbi tí ẹni tí kò tíì wò ó ti lè fojú fo ó.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan