Ẹ̀sùn lórí asẹ́ ọ̀rá tó há sábẹ́ máíkíróweefù orí sítóòfù

Ẹ̀yin ọ̀gá ní ẹ̀ka ìtọ́jú oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́. Máíkíróweefù yín tí wọ́n ń kọ́ sókè sítóòfù ni ẹ̀sùn yìí dá lé. Asẹ́ ọ̀rá méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì ti há, etí ike tí a fi ń fà á sì ti kán. Àwọn tó ń gbé tẹlifóònù yín ní kí n fi sukudíráfà wú u jáde, wọ́n tún ní gáráńtì kò kan asẹ́. N kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ìwé atọ́nà yín kò sọ ju pé ká ti asẹ́ sẹ́yìn, ká fà á wá sílẹ̀. Ìyẹn dára bí asẹ́ bá mọ́. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti ń dín dòdò àti àkàrà, èéfín epo á dì sí etí asẹ́, ooru á sì sọ ọ́ di líle bí ọ̀dà tó gbẹ. Alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni férémù náà. Bí sukudíráfà bá kàn án, á tẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ kì í wọ àyè rẹ̀ dáadáa mọ́, ọ̀rá á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bá fáànù.

Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ nìyí. Ká pa iná máíkíróweefù náà ní bírékà. Ká gbé ìkòkò omi kaná lábẹ́ rẹ̀, kó hó fún bí ìṣẹ́jú 10, kí ọ̀rá náà lè rọ̀. Ká pa sítóòfù, ká wọ ìbọ̀wọ́, ká fi àkísà tí a rẹ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ nu etí rẹ̀ yípo. Àkísà ni ká da ọṣẹ sí. A kì í fọ́n ọn sókè, kó má bàa wọ fáànù. Lẹ́yìn náà, ká fi ike pẹlẹbẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mira. Bó bá jáde, ká rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ká fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa kó tó padà. Bílíìṣì, amóníà àti oògùn ìfọ ààrò ń jẹ alumíníọ̀mù, wọ́n sì ń sọ ọ́ di dúdú. (Asẹ́ eléèédú, ìyẹn èyí tó ń gba òórùn, kì í ṣe fífọ̀, pípààrọ̀ ni. Ìyẹn ṣáà wà nínú ìwé atọ́nà yín dáadáa.)

Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé ká máa fọ asẹ́ yìí lóṣooṣù. Etí ike tí kò lè gba fífà lóṣooṣù, àbùkù ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìlòkulò. Ẹ sì tún ní ká má lo fáànù láìsí asẹ́, nítorí náà kò yẹ kí gáráńtì yọ asẹ́ sílẹ̀.

Asẹ́ tuntun méjì tí etí wọn jẹ́ irin ni mo ń bèèrè, láìgba kọ́bọ̀. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbé tẹlifóònù yín kí wọ́n jáwọ́ nínú ìmọ̀ràn sukudíráfà. Mò ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14.

Oníbàárà yín,
Houston, Texas