Níbo lo sùn lánàá, Àkànní?

Àkànní ọmọ mi,

Sunday mẹ́ta tẹ̀léra ni mo pè ọ́, fóònù ń dún, o ò gbé e. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé ní tiẹ̀. Owó ò ṣáà lè sọ bí ara rẹ ti rí fún mi. Orúnkún ṣì ń yọ màmá rẹ lẹ́nu, àdín àgbọn ló fi ń ra á. Ayálégbé ìsàlẹ̀ ò tíì san kọ́bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ti tún kú. Kì í ṣe ìyẹn ló gbé bírò sí mi lọ́wọ́.

Ẹnì kan tó ti Houston dé ló bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọwọ́ rẹ ti mókè, pé bí ẹni tò fún epo mọ́tò làwọn èèyàn ń tò níwájú búkà rẹ ní Saturday. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ máa yangàn. Ló bá fa ohùn sílẹ̀: "Ẹ bá a sọ̀rọ̀ o, sà. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn." Ó ní òun rí fóòmù lẹ́yìn àwọn àpò ìrẹsì, pẹ̀lú bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nínú ife. Ife yẹn ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Fóòmù lásán, èèyàn lè ní o kàn ń sinmi ni. Níbo lo ń sùn, Àkànní? Bí ìwọ àti ìyàwó rẹ bá jà, sọ fún mi. Bí kì í bá sì í ṣe ìjà, kí ló dé?

O mọ̀ pé mo fọ abọ́ ní Ṣìkágò. Bí àwàdà ni mo máa ń sọ ọ́ fún yín. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹni tó ni abọ́ fún ọ rí.

Ọ̀gá Gíríìkì là ń pè é. Òpópónà Halsted ni ilé oúnjẹ rẹ̀ wà, láàárín àwọn Gíríìkì ẹgbẹ́ rẹ̀. Abúlé orí òkè kan ní Arcadia nílẹ̀ Gíríìkì ló ti wá, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà tún òfin àwọn àjèjì ṣe ní 1965. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba nílé wọn ní 1967, ìdí abọ́ tó ń fọ̀ ló wà tó ti gbọ́ ọ. Arábìnrin mẹ́ta ló fi sílẹ̀ lábúlé. Lọ́dọ̀ wọn, ilé ìyàwó ló ń kówó kalẹ̀ kí ọkọ tó gbà. (Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, tòun tọmọbìnrin mẹ́fà, gbèsè ni ì bá pa á.) Ọdún 1983 tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìjọba wọn fagi lé e, ṣe ló ń bú wọn pé àṣé wọ́n lè ṣe é, wọ́n wá dúró dìgbà tóun san ti ẹni kẹta tán! Ìyá rẹ̀ kú kó tó lówó ọkọ̀ láti padà. Ó ní pósí tó dára jù lábúlé náà lòun rà fún un, láti Ṣìkágò.

Bóyá ìdí nìyẹn tó fi le bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, kí èrò alẹ́ tó dé, yóò bọ́ aṣọ ìdáná, yóò jókòó ti ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, tàwọn ti báàgì iléèwé lórí àga. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni àkọ́bí ń jẹ́, bíi Babátúndé tiwa. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ gbé abọ́ oníbàárà kankan àfi tó bá ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán. Mo rí ọjọ́ tí ọkùnrin kan wá gba àyè ọgbọ̀n èèyàn, owó gidi. Ọ̀gá ń jẹun lọ. Ó nawọ́ sí àga pé kó jókòó dè é.

Alẹ́ ló máa ń pariwo. Yóò da bíràǹdì sórí wàràkàṣì díndín, yóò ṣáná sí i, gbogbo ilé á figbe ta, "Opa!" Irun kan ò sí lápá ọ̀tún rẹ̀. Bó ti wù kí yìnyín pọ̀ tó, yóò tìlẹ̀kùn, yóò lọ sílé. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí ò kúkú sùn síbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Àkànní, alágídí ni ọ́. Àwọn èèyàn ń tò fún ẹ̀gúsí rẹ, ọmọ rẹ ń jẹ núdù. Ìwà wo nìyẹn? Fótò tí o wọ aṣọ ìdáná lọ́jọ́ tí o ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo fi han gbogbo àdúgbò, títí kan ayálégbé tó jẹ mí lówó. Mo mọ̀ pé owó báńkì wà lọ́rùn rẹ.

Ohun kan wà tí màmá rẹ pàápàá ò mọ̀. Ní 1988, ọ̀gá fún mi lówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n lọ rí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn mi, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Mo fi ra mọ́tò Datsun àlòkù, mo fi ránṣẹ́ sí Èkó. Mo purọ́ fún un pé ìwé ìgbélùú mi ni ò jẹ́ kí n lọ. Kò dá mi lóhùn, ó padà sídìí iná.

Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni mo tó wálé. O ti pé ọmọ ọdún méje. O dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, o ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," o sì sá lọ sínú mọ́tò. Màmá àgbà ló wá sọ fún mi pé ibẹ̀ lo ti máa ń sùn lọ́sàn-án. Wọ́n ti sọ fún ọ pé bàbá rẹ ló fi ránṣẹ́, o máa ń di síárìn rẹ̀ mú títí oorun á fi gbé ọ lọ.

Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ rí. Mo rò pé mọ́tò náà ti tó.

Màmá rẹ ní ṣé irú tóun fi rán ẹni ọjọ́sí dé ọwọ́ yín? Kí ẹ má fi sínú fíríìjì pẹ̀lú nǹkan mìíràn.

Ní Sunday tó ń bọ̀, màá pè ní aago mẹ́wàá alẹ́ yín. Aago mẹ́rin ìdájí ni níbí, màá ti jí. Ìyàwó rẹ ni màá pè. Kó gbé fóònù fún ọ.

Bàbá rẹ