Lẹ́tà sí Àjọkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ Ìdòwú àti onígun mẹ́ta

Ìsọ̀kun, Iléṣà.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá wa ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà láìlo ọ̀pá, ata sì ti wọ́n jù lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà. Ọ̀rọ̀ Ìdòwú ló jẹ́ kí n dìde lóru mú bírò.

Ó gbé ìwé ìdánwò ìṣirò wálé lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi ni mo rí i nígbà tí mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kó fi hàn pé onígun mẹ́ta méjì bára dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Máàkì 3 nínú 15! Wọ́n fi bírò pupa fagi lé e, wọn ò kọ ìdí kankan sí i. Àìkọ ìdí yẹn dùn mí ju máàkì lọ.

Mo pè é. Ó ní, "Mọ́mì, S-A-S, òfin ẹ̀gbẹ́-igun-ẹ̀gbẹ́, ni mo lò. Ẹ̀gbẹ́ méjì dọ́gba, igun kan dọ́gba." Mo ní igun tó o mú yìí, ṣé àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló wà? Ó ní kí ló kàn án, ṣebí mẹ́ta ti pé. Àjọkẹ́, ohùn rẹ gan-an ni, lábẹ́ igi máńgòrò yẹn.

Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì yọ, mo gé ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 10, èkejì ní 7. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ́ ẹyọ 10 sílẹ̀ kó ṣe igun dígírì 30 pẹ̀lú ìlà náà. Mo ní kó fi orí ẹyọ 7 kan orí ẹyọ 10, kó máa yí ìdí rẹ̀ bí ilẹ̀kùn títí yóò fi kan ìlà. Ó kàn án. Mo ní máa yí i lọ. Ó tún kan ìlà níbòmíràn! Ó fi rúlà wọn ìdí onígun mẹ́ta méjèèjì: ti àkọ́kọ́ kò tó 4, ti èkejì ju 13 lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjì kan náà, igun kan náà, síbẹ̀ wọn ò dọ́gba. Nígbà tó wá fi igun náà sáàárín ẹyọ méjèèjì, kò síbi tí èyíkéyìí lè yẹ̀ sí mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè pé R-H-S wá ńkọ́, èyí tó gba igun dígírì 90, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i àti ẹ̀gbẹ́ mìíràn kan, igun yẹn kì í ṣáà wà láàárín. Inú mi dùn! A gbé ẹyọ 7 dúró ṣánṣán sórí ìlà, a yí ẹyọ 10. Ó kan ìlà lọ́tùn-ún, ó kàn án lósì, ṣùgbọ́n bí ẹni ń wo dígí ni: ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ti kí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba láìwo ẹ̀gbẹ́ kankan, mo gbé set square, rúlà onígun mẹ́ta, inú math set rẹ̀ jáde, mo ní kó rántí èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wọn lójú pátákó. Igun wọn bára mu, ṣùgbọ́n ọ̀kan wọ àpò, èkejì kò lè wọ̀ ọ́. Kí méjì tó bára dọ́gba délẹ̀délẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kan, ó kéré tán.

Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ fi yé e. Mo rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, ọdún 6 gbáko, tòun ti ìṣirò. Ó dùn mí pé kò kan èmi àtìwọ.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ó ní òun ò ní fi iṣẹ́ sáfẹ́yọ̀, iṣẹ́ awọnlẹ̀, sínú fọ́ọ̀mù JAMB mọ́, pé ọpọlọ òun ò gbé e. Ọmọ tó ti ń wọn àgbàlá láti kékeré! Mo sọ̀rọ̀ títí, ìyá ni mo jẹ́, ó gbà pé mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Jọ̀ọ́, pè é lọ́jọ́ Àìkú. Má pè mí, òun ni kí o pè. Sọ fún un nípa ọdún tí ìwọ gba máàkì 2. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un, ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà. Má fowó ránṣẹ́ o, ohùn rẹ ni mo fẹ́. Fóònù rẹ̀ kì í kú ṣáájú aago mẹ́wàá alẹ́.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ.