Lẹ́tà sí Àbẹ̀ní: Tata tí kì í fẹsẹ̀ kan ọgbà

Wrocław, Pólándì

Àbẹ̀ní mi,

Ṣé dáadáa ni? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé Kẹ́hìndé ti yé bu èèyàn jẹ? Òtútù ti dé síbí, mo ti ra ẹ̀wù òtútù mìíràn, ata wọ́n bí ojú, ọ̀gá mi sì ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn lọ́jọ́bọ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lánàá ni kí o gbọ́. O rántí bí a ṣe máa ń pariwo lórí Brownian, ìrìn àìròtẹ́lẹ̀ inú ìṣirò tí kì í fò, ní yàrá wa, tí ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn á ní orí wa ti yí? Stable process ni mò ń bá yí báyìí, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tó máa ń fò. Ìgbín ni Brownian: bó bá fẹ́ jáde nínú ọgbà, àfi kó gorí ọgbà náà kọjá. Ìdí nìyí tí Kakutani, onímọ̀ ìṣirò, fi lè sọ lọ́dún 1944 pé fáńkṣọ̀n harmonic (èyí tí iye rẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpíndọ́gba àwọn iye tó yí i ká), bí o bá ti mọ iye rẹ̀ létí ààlà, o ti mọ tinú. Tata ni stable. Bí alpha, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń fò tó, bá ti kéré sí 2, ì báà jẹ́ 1.99, tó sì gbéra láti inú bọ́ọ̀lù, kò ní fẹsẹ̀ kan etí bọ́ọ̀lù yẹn bó bá ń jáde. Ó ti fò ó! Ààlà nìkan ò tó mọ́ nìyẹn, gbogbo ìta pátá lo gbọ́dọ̀ mọ̀, títí dé ibi tójú ò tó.

Ibi tó ń balẹ̀ sí ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Riesz, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ti ní fọ́múlà rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún 1938. Ní 1961 ni Blumenthal, Getoor àti Ray lò ó láti sọ ibi tí tata á bà sí. Pe ibi tó balẹ̀ sí ní y, kí o pe rédíọ̀sì bọ́ọ̀lù náà ní r: nísàlẹ̀ ìdá inú fọ́múlà náà ni |y|² wà, tí a yọ r² kúrò nínú rẹ̀, ní agbára alpha/2. Bí y bá ń sún mọ́ etí láti ìta, iye náà ń ga ṣáá ni. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ló fẹ́ràn jù, síbẹ̀ kì í tẹ ọgbà! Mo kígbe nínú tráàmù, ìyá àgbà kan sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìlú yìí gan-an ni Bogdan wà, onímọ̀ ìṣirò tó fi hàn lọ́dún 1997 pé bí fáńkṣọ̀n harmonic méjì ti tata, tí kò lọ sísàlẹ̀ òdo, bá ń lọ sí òdo létí ibì kan náà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń lọ. Èmi sì rèé, mi ò tíì parí orí kejì ìwé mi.

Màámi bi mí lórí fóònù pé ìgbà wo ni n ó parí. Mo ní alpha mi ò ju 1 lọ, kò sí ìpíndọ́gba, kò sí iye tí èèyàn lè retí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ikọ́ gba ẹ̀rín náà mọ́ wọn lẹ́nu, ó sì pẹ́ kó tó dá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ibà lásán ni. Aládùúgbò wa sì ní wọn ò ṣí ìsọ̀ mọ́. Àbẹ̀ní, ìwọ náà mọ Màámi. Ta ló rí wọn tí wọ́n ti ìsọ̀ àdìrẹ nítorí ibà?

Jọ̀ọ́, Ọ̀ṣogbo ò jìnnà sí ẹ. Bá mi yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ o, ní aṣọ lo wá rà. Wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó wú, wo bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àpótí. Kí o sì pè mí kí o tó délé, má kọ ọ́ sórí WhatsApp. N ó fi owó aṣọ náà ránṣẹ́. Má ná ọjà pẹ̀lú wọn, iye tí wọ́n bá pè ni kí o san.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́