Oògùn Inú Àgbàdo Kò Mọ Ààlà Oko

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ojú ìwé àgbẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí náà ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ nípa 2,4-D, oògùn tí wọ́n fi ń pa èpò, ká mi lára. Ẹ ní èpò nìkan ló ń pa, kì í ṣe àgbàdo ní nǹkan. Ẹ ò sọ ohun tó ń ṣe fún oko ẹlòmíràn.

Oògùn yìí kì í jó ewé bí àwọn mìíràn ṣe ń jó o. Ńṣe ló ń ṣe bí auxin, họ́mọ́ọ̀nù tí ewéko ń pèsè fúnra rẹ̀. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ló ń pèsè auxin jù, auxin náà sì ń ti ibẹ̀ sàn lọ sísàlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí auxin bá gba inú rẹ̀ kọjá á túbọ̀ mọ̀ ọ́n gbé, títí tí gbogbo auxin náà á fi kó sí ojú kan, bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń la ọ̀nà sínú igbó. Ojú ibẹ̀ ni iṣan tó ń gbé omi ti ń hù. Onímọ̀ ewéko kan, Tsvi Sachs ní Jerúsálẹ́mù, ló dá àlàyé yìí sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní 1952, onímọ̀ ewéko mìíràn, William Jacobs, gé iṣan omi lára igi ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Coleus. Tí ó bá já àwọn ewé òkè ọgbẹ́ náà kúrò, iṣan kì í fẹ́ tún hù dáadáa. Tí ó bá fi auxin sí ipò ewé, iṣan á tún yí ọgbẹ́ náà po.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá gba àṣẹ auxin yìí á mú ògiri ara rẹ̀ le, lẹ́yìn náà á kú, inú rẹ̀ á ṣófo kí omi lè rí ibẹ̀ gbà. Ní 1980, àwọn onímọ̀ ewéko méjì, Fukuda àti Komamine ní Japan, fi auxin àti cytokinin, họ́mọ́ọ̀nù ewéko mìíràn, sí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ lára ewé òdòdó Zinnia. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti yí padà di iṣan omi. Ó máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní pé sẹ́ẹ̀lì ewé lásán gbọ́ àṣẹ, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ewéko mọ bó ṣe ń dín auxin tirẹ̀ kù nígbà tó bá tó. Agbára ọ̀pọ̀ ewéko eléwé gbòòrò kì í tètè ká 2,4-D, àṣẹ náà kò sì dáwọ́ dúró. Ó ṣẹlẹ̀ sí tòmátì aládùúgbò mi kan. Ẹni tó ni àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fín oògùn lọ́sàn-án gangan, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀mùnú tòmátì fi ń lọ́, ewé tuntun rí tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan inú wọn sún mọ́ra gbọọrọ, igi wọn wú, ó sì là. Ẹni tó ń ta oògùn ní àrùn ni, ó sì ta oògùn kòkòrò fún un.

Lóòótọ́, àrùn kan wà tó ń sọ ewé tòmátì di tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àrùn kì í mú tòmátì, ẹ̀wà, ilá àti ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó tún wá le jù níhà ibi tí wọ́n ti fín oògùn. Ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ wò nìyẹn kó tó náwó.

Àgbàdo náà kò bọ́ pátápátá. Ó ń tètè tú oògùn náà ká, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pa á, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fín in sí i lórí nígbà tó ti ga jù, igi rẹ̀ á máa dá pẹ́kí, atẹ́gùn á sì dá a lulẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé oríṣi oògùn yìí kan tí wọ́n ń pè ní ester ń di atẹ́gùn nínú oòrùn, ó sì ń rìn jìnnà. Kí àwọn tó ń tà á kọ́kọ́ bi oníbàárà pé kí ni wọ́n gbìn sí oko tó bá tiẹ̀ pààlà. Kí ẹni tó bá fi ẹ̀rọ àgbékọ́yìn fín 2,4-D má sì fi ẹ̀rọ yẹn kan náà fín ohunkóhun sí tòmátì, nítorí ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ tó láti ba ewé tuntun jẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì àti àgbẹ̀,
Ìsẹ́yìn.