Kí ẹ tó ṣí àpótí Àlàájà

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú àṣẹ̀yìndè Àlàájà o. Ọjọ́ á jìnnà síra. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ayé, ṣùgbọ́n n kò lè bẹ̀rẹ̀ láìkí ọ. Èmi náà jẹ nínú ìkòkò wọn, mo sì sùn lórí ẹní wọn.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ fèsì lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́, bí a ti máa ń kọ ọ́ síra wa nígbà tí o wà ní Ṣàgámù tí èmi wà ní Ìlọrin. O ní bí ẹ bá ti ṣe fídáù ọjọ́ 40 tán, ẹbí fẹ́ ṣí àpótí Àlàájà kí wọ́n pín aṣọ inú rẹ̀. O ní ìwọ kò lè wo àwọn aṣọ náà, pé bí o bá ti rí èyí tí wọ́n máa ń ró lọ́jọ́ Jímọ̀, ńṣe ni orúnkún rẹ ń yẹ̀. O ní kí wọ́n sáà kó gbogbo rẹ̀ lọ kí ojú rẹ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn ló mú mi rántí obìnrin kan tó ti kú láti ọdún 760. Nítorí rẹ̀ ni lẹ́tà yìí ṣe máa gùn. Fara balẹ̀ kà á.

Mo lọ sí Nara ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Láti Osaka tí mò ń gbé, kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Ewé igi ti ń pọ́n lákòókò yìí, àwọn àgbọ̀nrín ń rìn kiri láàárín èèyàn bí ewúrẹ́ inú àgbàlá, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Àfihàn tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba tó wà ní Nara ni mo lọ wò, èyí tí wọ́n ń kó ìṣúra Shōsōin, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan níbẹ̀, síta fún. Èrò pọ̀. Ọjọ́ àti wákàtí tí o máa wọlé ti wà lára tíkẹ́ẹ̀tì kí o tó kúrò nílé, síbẹ̀ ńṣe ni a ń fi èjìká wá ọ̀nà níwájú gíláàsì.

Obìnrin tí mò ń sọ ni Olorì Kōmyō, aya Ọba Shōmu. Nara ni olú-ìlú Jàpáánì nígbà náà. Ọba yìí ló ní kí wọ́n rọ ère Búdà ńlá tó wà ní tẹ́ńpìlì Tōdaiji. Ní ọdún 756, ọba wàjà. Ọjọ́ 49 ni wọ́n ń ṣe fún òkú níbí, bí ẹ ti ń ṣe ọjọ́ 40. Ọjọ́ 49 náà gan-an ni Olorì kó ohun ìní ọkọ rẹ̀, ó lé ní 600, ó fi ta Búdà lọ́rẹ: idà, dígí, ohun èlò orin, ọpọ́n ayò, gbogbo ohun tí ọwọ́ ọba máa ń kàn. Wọ́n to orúkọ wọn sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé náà ṣì wà dòní. Inú rẹ̀ ni Olorì ti sọ ìdí rẹ̀, pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ń rán òun létí ayé àná, àti pé bí ojú òun bá ti bà lé wọn, ńṣe ni òun ń wó lulẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí o sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ, òun ni mo gbọ́.

Wò ó, obìnrin yìí kò lè wo ẹrù ọkọ rẹ̀, bí ìwọ náà kò ti lè wo ti Àlàájà. Ṣùgbọ́n kò torí pé òun kò lè wò ó kó jẹ́ kó fọ́nká. Ó wá ibi tó máa wà tí ojú òun kò fi ní máa kàn án. Ibẹ̀ ni Shōsōin. Bí o bá rí i, o máa rò pé àká ni, àká ńlá tó dúró lórí òpó gíga, ìtì igi ni wọ́n fi to ògiri rẹ̀. Nǹkan tó wà nínú ìṣúra náà báyìí tó nǹkan bí 9,000. Wọ́n ti kó wọn sí ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́ sí tòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n àká yẹn dúró síbẹ̀ láìyẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, ní oṣù kẹwàá. Ìránṣẹ́ ọba gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ìwé tí ọba fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí ni wọ́n fi ń di àgádágodo. Wọ́n á yẹ ẹrù náà wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́ tàbí ọ̀rinrin, nígbà tó bá di ìparí oṣù kọkànlá wọ́n á tún fi èdìdì dì í. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n ń mú nǹkan bí 60 lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí ará ìlú wò ó, fún ọjọ́ 17 péré lọ́dún yìí. Èyí tó bá sì ti jáde, ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́wàá kí ojú tó tún kàn án. Ẹni tí a jọ lọ ní ìwà ahun ni. Èmi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ aláró ni ọ́, o mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń jẹ aró. Ṣé o rántí bí Àlàájà ti máa ń pariwo mọ́ wa bí a bá sá aṣọ síta nínú oòrùn ọ̀sán? "Abẹ́ òrùlé! Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ sá a sí!" Ohun kan náà ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣe. Káàkiri Jàpáánì ni, kódà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Ueno ní Tokyo, èyí tó ti wà láti 1872, wọn kì í jẹ́ kí àwòrán ara sílíkì tàbí ìwé pẹ́ lára ògiri. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á jẹ́ kó sinmi nínú òkùnkùn.

Ọdún 1946 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àfihàn ti Nara yìí. Ogun ti parí lọ́dún tó ṣáájú, ebi wà nílùú. Nítorí bọ́ǹbù ni wọ́n ṣe kó ẹrù kúrò ní Shōsōin lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nígbà tó wá kù kí wọ́n dá a padà, àwọn ará ìlú ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fojú kàn án ná. Ẹni tí kò rí ìrẹsì jẹ kánú tò lórí ìlà láti wo ohun ìní ọba tó ti wàjà láti ọdún 756. Mo máa ń rò ó, kì í tètè kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́dún yìí, ìtì igi kan ni mo dúró tì pẹ́ jù. Ó gùn ní 156 sẹ̀ǹtímítà, ó wúwo tó kílò 11.6, inú rẹ̀ ṣófo, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹja gbígbẹ. Igi olóòórùn dídùn ni, irú èyí tí wọ́n ń sun bíi tùràrí. Ranjatai lorúkọ rẹ̀. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bí o bá sì wo inú àmì kọ̀ọ̀kan dáadáa, wàá rí àmì mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ Tōdaiji tó fara pamọ́ síbẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn alágbára ti ń fẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ fún àwọn níbẹ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí ojú ọ̀bẹ tó lé ní 30 lára rẹ̀. Ìwé pélébé mẹ́ta ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn síbi mẹ́ta tí wọ́n ti gé e: ti Ashikaga Yoshimasa, ti Oda Nobunaga lọ́dún 1574, àti ti Ọba Meiji lọ́dún 1877.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ogún olóògbé, ẹ wá ń gé e jẹ! Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo ìwé mẹ́ta yẹn, ọkàn mi rọ̀. Ojú ọ̀bẹ yòókù kò lórúkọ, ẹni tó gé wọn ti wọ ilẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tó gé. Mẹ́ta wọ̀nyí, a mọ̀ wọ́n. Ẹni tó mú un, ibi tó ti mú un, gbogbo rẹ̀ wà lójú ìwé.

Gbọ́ èyí náà. Nínú ìwé tí Olorì fi to ẹrù ọkọ rẹ̀, idà méjì wà tí wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́ orúkọ wọn pé wọ́n ti mú un kúrò. Ibi tí wọ́n mú un lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Láàárín 1907 sí 1908, wọ́n hú idà mélòó kan jáde lábẹ́ ère Búdà ńlá yẹn, wọ́n kó wọn pamọ́ láìmọ̀ pé wọ́n ti rí ohun tó sọnù. Ó di 2010 kí wọ́n tó fi X-ray wo méjì nínú wọn. Orúkọ wà lára irin náà lábẹ́ ìdọ̀tí, orúkọ kan náà tó wà nínú ìwé Olorì. Ó lé ní ọdún 1,200 tí wọ́n ti kúrò nílé, àkọsílẹ̀ ló jẹ́ ká dá wọn mọ̀.

Mo ní kí n má sọ ti aṣọ, nítorí ẹkún tí ó máa fà, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, mo rí àjákù sílíkì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Kōkechi ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, àdìrẹ oníko ni! Òrùka funfun lórí àwọ̀, pẹ̀lú àmì tíńtín láàárín níbi tí òwú ti fún un, àti ìlà wíńníwínní bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn tí aṣọ náà ò tíì gbàgbé ìdè. Mo na ìka sí i láìmọ̀, ìka mi kan gíláàsì. Irú àjákù bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìṣúra yẹn, àwọn mìíràn ti rún bí ẹ̀tù. Láti ọdún 1914 ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń tò wọ́n, wọ́n á fi ọ̀rinrin díẹ̀ rọ̀ wọ́n, wọ́n á tẹ́ wọn, wọ́n á wá ibi tí òwú ti bá òwú mu. Iṣẹ́ náà kò tíì tán. Wọ́n tún ní okùn sílíkì kan níbẹ̀ tó gùn tó nǹkan bí 200 mítà, aláwọ̀ aró. Lọ́dún 752 tí wọ́n la ojú ère Búdà, wọ́n so okùn náà mọ́ gègé tí wọ́n fi kun ẹyinjú rẹ̀, kí àwọn tó pé jọ lè di okùn mú kí wọ́n pín nínú oore rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo rí nínú ìwé. Aró ọdún 752, kò tíì ṣá tán.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé ìtì igi Shōsōin ló ń mí, pé ó ń wú nígbà òjò ó sì ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òun ni ẹrù kò fi bàjẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá wọn ọ̀rinrin rẹ̀, wọ́n rí i pé àpótí igi kédárì tí wọ́n kó ẹrù náà sí ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ibi tí mo ti ka èyí ni mo ti rí àpótí Àlàájà lójú ọkàn mi, pákó tó nípọn yẹn, tí ìdérí rẹ̀ máa ń ké bí ọmọ tuntun.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Bí ẹbí bá fẹ́ pín aṣọ, kí wọ́n pín in, n kò ní kí o bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ẹyọ kan jáde, fún Àǹtí Rábì ní ìwé àti bírò. Ìwọ má wọ yàrá náà bí o kò bá lè wọ̀ ọ́. Àǹtí ló jókòó ti ìkòkò aró pẹ̀lú Àlàájà, wọ́n mọ orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan: èyí tó jẹ́ Ìbàdàndùn, èyí tó jẹ́ Olókun, èyí tí Àlàájà fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sí fúnra wọn, èyí tí wọ́n fi jáde ìkómọ rẹ. Kí wọ́n kọ orúkọ aṣọ, ẹni tó ṣe é, ọdún rẹ̀ bí wọ́n bá rántí, àti ẹni tó mú un lọ. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò bá fẹ́, àti èyí tó ti ya, ẹ má dà á nù, ẹ má sì fi nu ilẹ̀. Ẹ fi tẹ́ẹ́rú funfun wé e, ẹ dá a padà sínú àpótí, kí àpótí kúrò níbi tí oòrùn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ìwé náà ni kí o gbà lọ́wọ́ Àǹtí. Bí ó bá tó ọdún márùn-ún kí o tó lè ṣí i kà, kò burú.

Kí o sì bá mi kọ tèmi sí i, nítorí ọwọ́ mi náà wà nínú rẹ̀. Mo yọ ọ́ jáde lálẹ́ àná, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣì ń rùn aró díẹ̀ níbi ìṣẹ́tí. Kọ ọ́ báyìí: ìró kan, Olókun, Àlàájà ló kọ ẹ̀kọ sí i. Ìbídùn ló mú un, oṣù kẹta ọdún 2014, ní ọjọ́ tó ń lọ sí Jàpáánì. Osaka ló wà.

Èmi ni,
Ìbídùn rẹ